Kí ló ń sọ ibi tí eré ọkọ̀ alágbára máa mọ?

Ọmọ_Sábó
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú Ọ̀gà. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa ní ọ̀nà Ṣàgámù lánàá, a kò rí i parí títí tá a fi tú ká. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Mercedes C300 tòkúnbọ̀, ará Amẹ́ríkà. Ojú mítà rẹ̀ kọ 160 máìlì, ìyẹn bíi 257 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó ní bí òun bá ti rí ọ̀nà gbọọrọ, ibẹ̀ lòún máa gbé e dé. Ọ̀gá kan ní irọ́ ni, pé kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní kọjá 210. Ẹnì kẹta ní kí wọ́n sáà ti fi ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, ó máa fò.

Ẹ bá wa dá sí i. Kí gan-an ló ń sọ pé ibi báyìí ni eré ọkọ̀ kan mọ? Ṣé ẹ́ńjìnnì ni, àbí gíà, àbí ìwúwo, àbí àwọn tó ṣe é ló dè é mọ́lẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wàásù fún wa pé ká rọra wakọ̀. A ti gbọ́.

Àńtí_Agric
Láti Sábó dé Òdógúnyàn, ẹ fi eré 60 bọ́ sí kòtò kan ṣoṣo ná, ká gbọ́ ohun tí ṣọ́ọ̀kì yín máa sọ. Ẹ wá ń bèèrè 257. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mo ti gbé àga mi jókòó.

Rìwáyà_Òdógúnyàn
Ọ̀gá tó ní 210 ló jàre. C300 tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni wọ́n ti dè é sí 130 máìlì, tó jẹ́ bíi 210 kìlómítà. Ohun tí wọ́n kọ sójú mítà kì í ṣe ìlérí. Ilé iṣẹ́ lè lo ojú mítà kan náà fún oríṣi ọkọ̀ mẹ́ta mẹ́rin, kí owó má bàa pọ̀, kí oníbàárà náà sì rí nǹkan fi yangàn.

Ìdè yẹn kì í pariwo. Ẹsẹ̀ rẹ wà nílẹ̀ pátápátá, ẹ́ńjìnnì ń ké, kọ̀ǹpútà á kàn rọra dín afẹ́fẹ́ àti epo tó ń wọlé kù, abẹ́rẹ́ mítà á wá dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé pọ́ńbù epo ló ń bàjẹ́. Wọ́n máa ń gbé irú rẹ̀ wá bá mi, wọ́n á ní kí n wo pílọ́ọ̀gì.

Àwọn ará Jámánì náà ní tiwọn. BMW, Mercedes àti Audi ti fẹnu kò láàárín ara wọn tipẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn kò ní kọjá 250. Ìjọba kọ́ ló ní kí wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá sanwó lé e, wọn á tú díẹ̀ fún un. Ẹ wo G63, ìyẹn G-Wagon tí àwọn olówó wa fẹ́ràn: agbára ẹṣin 585 ló ní (ẹṣin ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì), síbẹ̀ 220 ni wọ́n dè é sí, 240 fún ẹni tó bá fowó kún un. Torí náà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló dè é, ibo ló sì dè é sí.

Ọmọ_Sábó
Ẹ ṣé, ọ̀gá mi. Ẹ̀yin ò lè tú u ni? Ọ̀rẹ́ mi ń ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́lọ́wọ́, ó ní èló ni.

Rìwáyà_Òdógúnyàn
Mo lè tú u. N kì í tú u fún ẹni tí mi ò bá tíì wo táyà rẹ̀. Fọ́kánà tó wà nínú àpéjọ yìí máa sọ ìdí rẹ̀, n ò fẹ́ gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Tísà_Ìgbógbó
Ẹ kú àṣálẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká gbà pé wọ́n ti tú gbogbo ìdè. Kí ló tún kù tó ń dá ọkọ̀ dúró? Afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tó bá ti gbìyànjú àtisáré nínú omi ọ̀sà ní Èbúté mọ̀ ọ́n: bó o bá rọra ń rìn, omi á yà fún ọ, bó o bá ní o fẹ́ sá, omi kan náà á dí ọ lọ́nà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ á fi ipá ìlọ́po mẹ́rin ti ọkọ̀ padà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ọkọ̀ tún ń gba ibi tó gùn ní ìlọ́po méjì kọjá. Ẹ fi méjì sọ mẹ́rin di púpọ̀, mẹ́jọ. Ìyẹn ni pé agbára tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ san fún afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, á di ìlọ́po mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ẹ mú Camry Muscle tó kún ìgboro. Tó bá ń sá 100, bí agbára ẹṣin 11 péré ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá di 200, ó ti di bíi 88. Ní 300, ó ti sún mọ́ 300. Agbára ẹṣin 268 ni Camry oní-V6 ní, gíà àti táyà á sì tún jẹ nínú rẹ̀ kó tó kan ilẹ̀. Kò lè dé 300 láéláé, kódà kí Rìwáyà tú gbogbo ìdè tó wà láyé.

Ẹ wá wo àwọn ọkọ̀ ńlá gan-an. Lọ́dún 2005, Bugatti Veyron fi agbára ẹṣin 1001 sá 408. Lọ́dún 2010, wọ́n gbé Super Sport jáde, agbára ẹṣin 1200, ó sá 431. Bíi igba ẹṣin ni wọ́n dà kún un, kìlómítà 23 péré ni wọ́n rí gbà. Ẹ fi ìṣirò mi dán an wò: ẹ fi 408 pín 431, ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, ẹ máa rí bíi 1.18. Ẹ fi 1001 pín 1200, ó jẹ́ bíi 1.2. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu régé. Mo máa ń fi èyí han àwọn ọmọ kíláàsì mi, àwọn tó ń sùn tẹ́lẹ̀ á jí.

Nítorí náà ẹni tó ní kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí i kò parọ́, owó rẹ̀ ló kàn máa tán kó tó rí ohun tó ń wá.

Bàbá_Ìjẹ̀dẹ̀
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ọpọlọ pípé. Àmọ́ mo wa 504 nígbà tí ọ̀nà ṣì ń jẹ́ ọ̀nà. Bí èrò méje àti ẹrù bá wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ náà á wúwo lọ́wọ́ rẹ. Bí ìwọ nìkan bá wà níbẹ̀, á máa fò. Ìwúwo ni bàbá gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìwé tàn yín jẹ.

Tísà_Ìgbógbó
Bàbá, ẹ ṣeun, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tí ẹ fi ara yín rí, òótọ́ ni, àmọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń yára gbéra lẹ ń sọ. Ìwúwo máa ń jẹ́ kó pẹ́ kí ọkọ̀ tó dé ibi tí eré rẹ̀ mọ, ó sì máa ń dà á láàmú lórí òkè. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí ọ̀nà bá gùn tó, ibi tí eré náà máa mọ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí ìwúwo ń gbà níbẹ̀ ni bí táyà ṣe ń lọ́ra láti yí, ìyẹn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti afẹ́fẹ́ bí eré bá ti kọjá 200. Veyron fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù méjì.

“Tí ọ̀nà bá gùn tó” yẹn gan-an ni wàhálà tó wà níbẹ̀. Ìdí rèé tí Bugatti fi máa ń lọ sí Ehra-Lessien ní Jámánì, pápá ìdánwò Volkswagen, níbi tí ojú ọ̀nà kan ti lọ tààrà fún ohun tó lé ní kìlómítà mẹ́jọ. Lọ́dún 2014, Hennessey Venom GT sá 435 ní Amẹ́ríkà, lórí pápá tí ọkọ̀ òfuurufú ìrìn àjò sánmà máa ń balẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ ní Florida. Pápá náà kò tó kìlómítà márùn-ún. Ẹ ro ti bíréèkì mọ́ ọn: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi dúró kí ọ̀nà tó tán.

Bàbá_Ìjẹ̀dẹ̀
Mo ti gbọ́. Ti òkè yẹn ni mo ń sọ.

Oní_Gíà_Ìmọ̀tà
Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ gíà, ó sì ń dùn mí. Agbára ẹṣin tí wọ́n kọ sínú ìwé, ibi kan pàtó tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dé ló ti máa ń pé. Ká ní 6,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan ni. Bí gíà tó kẹ́yìn bá gùn jù, afẹ́fẹ́ á ti borí ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní 4,500, agbára tó kù á kàn wà níbẹ̀ láìwúlò. Bó bá kúrú jù, ẹ́ńjìnnì á ti dé òpin ìyípo rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó bá a jà rárá.

Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Táyà tí àyíká rẹ̀ tó mítà méjì, ẹ́ńjìnnì tí òpin ìyípo rẹ̀ jẹ́ 6,000, gíà àti dìfíréńṣà pọ̀ mú kí ẹ́ńjìnnì yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Táyà ń yí ní 2,000. Mítà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan. 240 ní wákàtí kan. Kò lè kọjá bẹ́ẹ̀ nínú gíà yẹn, ì báà jẹ́ ẹṣin ẹgbẹ̀rún ló wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

McLaren F1 lẹ̀rí mi. Lọ́dún 1993, wọ́n gbé e lọ sí Nardò, pápá ìdánwò kan ní Ítálì, ó sá nǹkan bí 372. Lọ́dún 1998, wọ́n gbé irú ọkọ̀ kan náà lọ sí Ehra-Lessien, wọ́n sún òpin ìyípo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò ní 7,500 sí 8,300, awakọ̀ Andy Wallace sì fi sá 386. Agbára ẹṣin 627, kò sí tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) kankan níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì BMW ni. Agbára ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òpin ìyípo ló dí i lọ́nà.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, gíà tó kẹ́yìn wà fún àtidín epo kù ni. Gíà tó ṣáájú rẹ̀ lo ti máa rí eré tó pọ̀ jù. Àwọn awakọ̀ wa kì í gbà tí mo bá sọ ọ́.

Àńtí_Agric
Èmi ò mọ físíìsì o, ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè. Àwọn ọmọkùnrin tó ń so ìyẹ́ sẹ́yìn Corolla ní Gáréèjì, tí wọ́n tún ń sọ sáílẹ́ńsà di ìlù, kí ni ìyẹ́ yẹn ń ṣe fún wọn?

Tísà_Ìgbógbó
Àńtí, ó ń dín eré wọn kù. Iṣẹ́ ìyẹ́ ni kó fi afẹ́fẹ́ tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí táyà lè di ilẹ̀ mú ní kọ́nà. Ọ̀fẹ́ kọ́ ló fi ń ṣe é, gbogbo bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló ń fà á sẹ́yìn. Ẹ wo bí Veyron ṣe yanjú ọ̀rọ̀ náà: pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo èèyàn ń lò, 375 ló mọ. Bí o bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, o gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ dúró pátápátá, kí o ki kọ́kọ́rọ́ kejì bọ ibi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ọkọ̀ á wá yẹ ara rẹ̀ wò. Bí gbogbo nǹkan bá pé, á lọ sílẹ̀ dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ikùn kanlẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀yìn á wọlé, ó wá ṣẹ́ ku díẹ̀ níta.

Ìrísí ọkọ̀ ni mo ń bọ̀ wá sọ tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yọ̀ lára ọkọ̀. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ti G-Wagon wà ní nǹkan bí 0.54, ti Camry Muscle 0.28, ti Mercedes EQS oníná 0.20. Ẹ fi bí iwájú ọkọ̀ ṣe fẹ̀ tó sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí ìdí tí G63 fi ń jẹ ẹṣin bí ẹni jẹ ẹ̀pà.

Nǹkan kékeré kan: afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju èyí tó tutù lọ, ti ibi gíga bíi Jos sì fúyẹ́ ju tiwa níbí. Ó ń dín ìdènà kù, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò náà á rí afẹ́fẹ́ tó kéré mí. Ohun tó fi ọwọ́ kan fúnni, ó fi èkejì gbà á.

Fọ́kánà_Gáréèjì
Wọ́n ti dárúkọ mi. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà yín, ẹ nù ún, ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹ máa rí irú èyí: 205/55R16 91V. Gbogbo ènìyàn mọ 205/55R16 torí òun ni wọ́n fi ń ra òmíràn. 91 ni nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ẹrù tó lè gbé, kì í ṣe kìlò 91. Lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn lọ́rọ̀ wà lára rẹ̀, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í bèèrè lọ́wọ́ mi. S kò gbọdọ̀ kọjá 180. T, 190. H, 210. V, 240. W, 270. Y, 300. Ṣé ẹ rí H? 210. Ìdè C300 yẹn àti lẹ́tà yẹn bára mu, kì í ṣe èèṣì. Ilé iṣẹ́ tó fi táyà H ránṣẹ́ sí ọjà kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá H.

Ooru ló ń pa táyà. Ibi tó bá kan ilẹ̀ á tẹ̀, á tún nà padà, bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, ìyẹn ló ń mú un gbóná. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kì í rí àyè tutù. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tí kò tó tún ń jẹ́ kó tẹ̀ jù. Nígbà tó bá yá, rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára wáyà inú rẹ̀. Ẹ ò ní rí i láti ìta. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni “gbàà”.

Lẹ́tà yẹn sì wà fún táyà tuntun. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níparí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Bí ó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkúnbọ̀ tí wọ́n kó jọ gègèrè sínú oòrùn, tí wọ́n fi nǹkan dúdú pa lára kó lè máa dán, lẹ́tà Y tó wà lára rẹ̀ ti di ìtàn.

Àwọn olówó ayé gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Veyron Super Sport tó sá 431 yẹn, èyí tí wọ́n tà fún oníbàárà, 415 ni wọ́n dè é sí nítorí táyà. Lọ́dún 2019 tí Chiron, ọkọ̀ Bugatti mìíràn, sá 490, táyà rẹ̀ ń yí bí ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Michelin tó ṣe é fi kún agbára inú táyà náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo egungun wo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dè é mọ́ ọkọ̀.

Rìwáyà_Òdógúnyàn
Ẹ ti gbọ́ ìdí.

Ọmọ_Sábó
Ọ̀rẹ́ mi ti dákẹ́. Ó ní òun ń lọ nu táyà. Ẹ wá sọ fún wa, Chiron yẹn ló wá yára jù láyé?

Oní_Gíà_Ìmọ̀tà
Ìjà ti dé. Andy Wallace kan náà ló wa Chiron yẹn, ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2019, 490.484. Àmọ́ apá kan ṣoṣo ló sá. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gba eré òun wọlé gbọ́dọ̀ sá a lọ, kó sá a bọ̀, láàárín wákàtí kan, kí wọ́n pín in sí méjì. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tó bá ń tì ọ́ lẹ́yìn níbi tó ò ń lọ ló máa kọjú sí ọ níbi tó ò ń bọ̀. Koenigsegg Agera RS ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Nevada ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, lórí títì gidi tí wọ́n dí, ó sì gba 447. Tèmi ni pé kí wọ́n máa fi 447 yẹn yangàn ju 490 lọ.

Rìwáyà_Òdógúnyàn
Tí ẹ bá fẹ́ ka ti oníbàárà, Veyron Super Sport náà ní ẹjọ́. Lọ́dún 2013, Guinness, àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ta yọ láyé, gba orúkọ ọkọ̀ ọjà tó yára jù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ tó sá 431 kò ní ìdè 415 tí ti oníbàárà ní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá a padà, wọ́n ní títú ìdè kò sọ ẹ́ńjìnnì tàbí ara ọkọ̀ di òmíràn. Èmi tí mo ń tú ìdè, mo fara mọ́ wọn.

Fọ́kánà_Gáréèjì
Èmi ò fara mọ́ wọn. Ohun tí o kò lè tà fún mi, má fi pe ara rẹ ní ọkọ̀ ọjà.

Ọmọ_Sábó
Àwọn oníná ńkọ́? Mo rí fídíò ti àwọn ará Ṣáínà.

Tísà_Ìgbógbó
Yangwang U9 Xtreme ti BYD nìyẹn. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ní Papenburg, Jámánì, ó sá 496.22. Agbára rẹ̀ lé ní 3,000 ẹṣin. Ẹ fi wé Chiron tó ní 1,600: agbára fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, eré kò fi kìlómítà mẹ́fà ju ara wọn lọ. Ti mọ́tò oníná tún yàtọ̀ ní ti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní gíà tí wọ́n ń pààrọ̀. Ẹyọ kan ló máa gbé e gbéra, òun náà ló máa gbé e dé òpin, nítorí náà bí mọ́tò náà ṣe lè yí tó ló ń sọ ibi tó mọ. Tesla Model S Plaid ní agbára ẹṣin 1,020. 322 ló mọ, kódà wọ́n ní kó o ra bíréèkì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbà kó dé ibẹ̀.

Àńtí_Agric
Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn, kí n lọ gbé ẹ̀bà. Ọkọ mi máa ń pa AC tó bá fẹ́ gba ojú tírélà kọjá lọ́nà Ẹ̀pẹ́, á wá ṣí gbogbo fèrèsé, á ní ọkọ̀ ń rí agbára. Ṣé lóòótọ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ kí n làágùn?

Rìwáyà_Òdógúnyàn
AC ń jẹ ẹṣin díẹ̀ lóòótọ́, nínú ọkọ̀ kékeré ẹ lè fura sí i. Àmọ́ fèrèsé tó ṣí ń ba ọ̀nà afẹ́fẹ́ jẹ́ lára ọkọ̀, ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ó ti fi òsì dà á nù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń pa kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ AC fún ìgbà díẹ̀, tí á tún tàn án padà lẹ́yìn tí ẹ bá kọjá. Ẹ sọ fún un kó ti fèrèsé.